Láti 9 Dé 6: Iṣẹ́ Tí Ewé Lè Ṣe Lórí Yúríkì Ásíìdì

Nọ́ńbà pọ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóru kì í wò ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Bí wọ́n bá kọ 9 síwájú yúríkì ásíìdì, ìmọ̀ràn kì í pẹ́ dé. Ará ilé á ní kó máa mu omi ewúro. Ẹlẹ́wé-ọmọ á di egbò àti èèpo igi fún un. Ẹnìkan á fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ á fọ̀ ọ́ dànù láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Orí yìí kò wá bú ẹnikẹ́ni tó ń mu àgbo. Ewé wà tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí yúríkì ásíìdì hàn kedere ní láàbù, ewéko kan sì wà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni oògùn gáọ̀tù tí àwọn dókítà ń kọ títí dòní ti jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ewé èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá: mélòó ló mú kúrò? Ẹni tó wà ní 9, tó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 6, ó ku mẹ́ta gbáko kó tó débẹ̀. Ewé tó mú ìdajì ọ̀kan kúrò ti ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kájú ọ̀rọ̀.

Ibi tó ti ń wá àti ibi tó ń gbà lọ

Yúríkì ásíìdì kì í ṣe májèlé tí a gbé mì. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Púríìnì wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa, ó sì wà nínú ẹran, ẹja àti oúnjẹ mìíràn tí à ń jẹ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbó tí ara sì ń tú u palẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ xanthine oxidase ló ń parí iṣẹ́ lórí púríìnì inú rẹ̀, yúríkì ásíìdì sì lohun tó ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kíndìnrín ń tì jáde nínú ìtọ̀. Ìyókù ń gba ìfun lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ́ńsáìmù mìíràn, uricase, tó ń sọ yúríkì ásíìdì di nǹkan tó tètè ń yọ́ sómi. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwa ènìyàn àti àwọn ìnàkí ti pàdánù rẹ̀: jíìnì rẹ̀ ṣì wà lára wa, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ tí a bá dé ọ̀dọ̀ èkúté.

Bí a bá ń da iyọ̀ sínú ife omi, ó níbi tó máa dé tí omi kò ní lè yọ́ ọ mọ́, tí ìyókù á sì jókòó sísàlẹ̀ ní kóró-kóró. Ẹ̀jẹ̀ náà ní ààlà tirẹ̀ fún yúríkì ásíìdì: 6.8 mílígíráàmù nínú dẹsílítà kan. Ohun tó bá kọjá ààlà yìí lè di ègé wínníwínní tó rí ṣóńṣó, kó sì kó sínú oríkèé, pàápàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀, níbi tí ara ti máa ń tutù jù. Bí àwọn ọmọ ogun ara bá gbógun ti àwọn ègé yìí, oríkèé á wú, á gbóná, á sì máa roni débi pé aṣọ ìbora kò ní ṣeé fi kàn án. Gáọ̀tù nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn àìsàn tí à ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ làkúrègbé. Bí nọ́ńbà bá wà nísàlẹ̀ 6 fún ìgbà pípẹ́, àwọn ègé tó ti di á máa yọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí àwọn dókítà fi ń lé nọ́ńbà ẹni tó ní gáọ̀tù débẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tí nọ́ńbà wọn ga pọ̀ ju àwọn tó ní gáọ̀tù lọ fíìfíì. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 kò dámọ̀ràn oògùn fún ẹni tí ara ń dá, tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ga. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wá ewé kiri, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ní àìsàn tó ń wá ewé fún.

Ewéko tó di oògùn

Ọ̀nà mẹ́ta ni ewé lè gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè dí xanthine oxidase lọ́wọ́, kí èyí tí ara ń ṣe dínkù. Ó lè mú kí kíndìnrín tì púpọ̀ sí i jáde. Ó sì lè má fọwọ́ kan yúríkì ásíìdì rárá, kó jẹ́ pé ìwúlé àti ìrora nìkan ló ń rọ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ló lókìkí jù, òun náà ló sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú.

Ní Yúróòpù, ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní Colchicum autumnale. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, Alexander ará Tralles, oníṣègùn ilẹ̀ Byzantium, ti ń fi irú ewéko yìí wo gáọ̀tù. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pani. Ìwọ̀n tó ń wo oríkèé sàn àti ìwọ̀n tó ń fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ikú kò jìnnà síra. Odindi ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ni àwọn oníṣègùn fi ń mú un tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀. Ní 1820, Pierre-Joseph Pelletier àti Joseph Caventou, àwọn ará Faransé méjì tó yọ kíníìnì kúrò lára èèpo igi ní ọdún yẹn kan náà, yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú Colchicum jáde. Colchicine ni à ń pè é.

Láti ìgbà tí colchicine ti dá dúró ló ti ṣeé wọ̀n. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi mílígíráàmù 1.8 wé 4.8 lára àwọn tí gáọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dè. Ìwọ̀n kékeré mú ìrora rọ̀ bí ìwọ̀n ńlá ṣe mú un rọ̀, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ sì kéré jọjọ. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ mílígíráàmù 1.8 nínú egbò tí wọ́n gún. Gloriosa superba, ewéko tó ń fà gun igi, tí òdòdó rẹ̀ pupa tó sì tún ní àwọ̀ òféfèé, ń hù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, colchicine sì wà nínú rẹ̀. Ní Sri Lanka, ó ti pa àwọn tó fi iṣu rẹ̀ pe ohun jíjẹ.

Ṣùgbọ́n colchicine yìí, pẹ̀lú gbogbo okìkí rẹ̀, kì í mú yúríkì ásíìdì wálẹ̀ rárá. Ẹni tó lò ó lè sùn dáadáa kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà ní 9 síbẹ̀, tí àwọn ègé náà ń kóra jọ nínú oríkèé. Bákan náà, bí gáọ̀tù bá gbéni dè, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yálà a lo nǹkan tàbí a kò lò ó. Àgbo tí a bẹ̀rẹ̀ sí í mu lọ́jọ́ karùn-ún ló máa gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí ara ti ń bá parí lọ. Ẹ̀rí pé ẹsẹ̀ ti fúyẹ́ kò fi ohunkóhun hàn nípa ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Nínú ìgò, lára èkúté, lára ènìyàn

Bí ẹ bá gbọ́ pé ìwádìí ti fi hàn pé ewé kan ń gbógun ti yúríkì ásíìdì, ẹ béèrè ibi tí ìwádìí náà dé. Ibi tó rọrùn jù ni inú ìgò. Wọ́n á da xanthine oxidase sí i, wọ́n á da omi ewé lé e, wọ́n á wò ó bóyá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé ń yege níbẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní flavonoid wọ́pọ̀ nínú ewéko, àwọn kan nínú wọn sì ń dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́. Quercetin inú àlùbọ́sà wà lára wọn. Luteolin, tí àwọn olùwádìí ti yọ kúrò nínú ewúro, wà lára wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìgò kò ní ìfun, kò sì ní ẹ̀dọ̀. Bí a bá gbé ewé mì, ìfun kì í gba púpọ̀ nínú àwọn èròjà yìí wọlé, ẹ̀dọ̀ á sì tún èyí tó wọlé ṣe di nǹkan mìíràn kó tó dé ibi tí ẹ́ńsáìmù wà.

Ibi kejì ni ara èkúté. Èkúté ṣì ní uricase tó ti kú lára tiwa, kì í sì í ní gáọ̀tù. Kí nọ́ńbà rẹ̀ tó lè ga, àwọn olùwádìí ní láti fún un ní potassium oxonate kí uricase rẹ̀ má lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá fún un ní ewé, wọ́n á sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Murugaiyah àti Chan ní Yunifásítì Sains Malaysia fi yẹ Phyllanthus niruri wò, ẹbí ẹ̀yìn olobe tí ẹ mọ̀, èyí tí àwọn ará Brazil ń sè mu nítorí òkúta kíndìnrín. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2009, nọ́ńbà èkúté wálẹ̀, èyí tó ń bá ìtọ̀ jáde sì pọ̀ sí i. Ìwádìí gidi ni, ó sì tọ́ka ibi tó yẹ ká wò. Ṣùgbọ́n ẹranko tí wọ́n fi oògùn sọ di aláìsàn fún wákàtí díẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí yúríkì ásíìdì ti ń kóra jọ sí lára láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ibi kẹta ni ara ènìyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ewé kò tíì dé. Àwọn tó ti débẹ̀ kò pọ̀. Ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tó jáde ní 2016 fún ọkùnrin 22 tí ara wọn dá ní mílígíráàmù 500 quercetin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Yúríkì ásíìdì wọn fi nǹkan bí 0.45 wálẹ̀. Ní Thailand ní 2008, wọ́n fi ìṣápá pupa, èyí tí à ń fi ṣe zobo, ṣe tíì fún ènìyàn 18 fún ọjọ́ 15. Lára àwọn tó ti ní òkúta kíndìnrín rí, èyí tó ń bá ìtọ̀ jáde pọ̀ sí i. Ìròyìn yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ó ní ìbẹ̀rù tirẹ̀: bí yúríkì ásíìdì bá pọ̀ nínú ìtọ̀, òun náà lè di òkúta níbẹ̀. Zobo tí wọ́n da ṣúgà kún bámúbámú sì ń ṣiṣẹ́ tako ara rẹ̀, nítorí fructose inú ṣúgà máa ń mú kí ara ṣe yúríkì ásíìdì púpọ̀ sí i.

Èso cherry ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. (Kì í ṣe àgbálùmọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi orúkọ yẹn pè, igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.) Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Boston tọpa ènìyàn 633 tó ní gáọ̀tù, wọ́n sì rí i pé láàárín ọjọ́ méjì tí àwọn ènìyàn bá fi jẹ cherry, ewu kí gáọ̀tù gbé wọn dè fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ìgbà tí wọn kò jẹ ẹ́. Òkìkí kàn. Ṣùgbọ́n wíwò ni wọ́n wò wọ́n, wọn kò yan ẹni tó máa jẹ ẹ́ àti ẹni tí kò ní jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní New Zealand wá pín ènìyàn 50 tó ní gáọ̀tù sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fún wọn ní oje cherry ní oríṣiríṣi ìwọ̀n fún ọjọ́ 28, yúríkì ásíìdì wọn kò yí padà. Ìyẹn jáde ní 2020.

Àwọn àgbà wa ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún oníṣègùn, kó má baà jáwọ́. Bí a bá fi ṣe òfin ìwádìí, kò sí oògùn tó máa kùnà láéláé, torí ewé kan á máa kù ṣáá ni. Ohun tí àwọn ará New Zealand ṣe yàtọ̀: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbà pé àbájáde kan wà tó lè mú kí àwọn sọ pé èyí kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ẹ mú èyí tó dára jù nínú àwọn èsì wọ̀nyí, 0.45 ti quercetin. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 9: ó ku 8.55. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ga ju ààlà 6.8 lọ dáadáa, àwọn ègé ṣì ń di. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú 7: ó ku 6.55, ó sì ti kọjá sí apá tó dára níbi ààlà. Ewé kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi lè búra pé ewé gba òun là tí ẹlòmíràn sì ní ẹ̀tàn ni, kí kò má sì sí òpùrọ́ nínú wọn.

Allopurinol ni oògùn tó lè rìn láti 9 dé ìsàlẹ̀ 6. Gertrude Elion àti George Hitchings, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Oògùn jẹjẹrẹ kan ni wọ́n fẹ́ fi ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kó tó hàn pé ó ń dí xanthine oxidase débi pé yúríkì ásíìdì ń já wálẹ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún gáọ̀tù. Iṣẹ́ tí flavonoid ń gbìyànjú láti ṣe náà ló ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dókítà lè fi mílígíráàmù 100 tàbí kó dín bẹ̀rẹ̀, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó fi díẹ̀ kún un, kó tún yẹ ẹ́ wò, títí tí nọ́ńbà á fi bọ́ sábẹ́ 6.

Oògùn yìí náà ní ewu tirẹ̀. Ó lè ba awọ ara àwọn ènìyàn díẹ̀ jẹ́ gidigidi, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ bá sú lẹ́yìn tó lò ó gbọ́dọ̀ dá a dúró, kó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú, bí àwọn ègé àtijọ́ ṣe ń yọ́, gáọ̀tù lè máa gbéni dè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ oògùn nù pé òun ló ń ṣe àwọn, tí wọ́n á sì padà sídìí àgbo. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ èyí tẹ́lẹ̀, á sì fi colchicine díẹ̀ tì í lẹ́yìn títí ìgbà yẹn á fi kọjá.

Ohun tó ń bá àgbo wọlé

Bí ewé kan kò bá mú nọ́ńbà wálẹ̀, ẹlòmíràn lè ní kò burú, ṣebí kò pani lára. Ó ku ohun tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn àti ohun tí wọn kò sọ. Páragà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ògógóró ni wọ́n sábà máa ń rẹ egbò rẹ̀ sí, ọtí sì wà lára àwọn ohun tó ń gbé yúríkì ásíìdì sókè jù: ó ń mú kí ara ṣe púpọ̀, ó sì ń dá kíndìnrín dúró kó má baà tì í jáde. Ẹni tó ń mu páragà nítorí gáọ̀tù ń bọ́ ohun tó ń lé.

Egbò náà lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo egbòogi tó ń mú ni fọn. Ewéko ìdílé Aristolochia ló wà nínú rẹ̀. Ásíìdì inú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Akọ igún tí ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà lọ́jà wa, ìdílé Aristolochia yẹn ló ti wá. Kíndìnrín tó bàjẹ́ kò lè ti yúríkì ásíìdì jáde mọ́, nọ́ńbà á sì tún ròkè sí i.

Èyí tí wọn kò sọ ló léwu jù. Ní 2022, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa oògùn oríkèé kan, Artri King, tí wọ́n ń tà bí ohun tí a fi ewéko ṣe. Àyẹ̀wò fi hàn pé diclofenac àti dexamethasone wà nínú rẹ̀ láìsí lára páálí. Bí àgbo kan bá pa ìrora oríkèé yín ní wákàtí kan, tí ojú yín sì ń wú bọ̀ǹbọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ fura. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò egbòogi kò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò.

Bí ẹ ó ṣe lò ó

Ẹni tó ti ní gáọ̀tù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, tàbí tí kókó ti ń yọ lára oríkèé rẹ̀, oògùn dókítà ló kàn án. Ewé lè tẹ̀lé e níbi oúnjẹ: kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má jẹ ewúro, kẹ́ ẹ má fi àlùbọ́sà sọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ má mu zobo tí kò ní ṣúgà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ yín. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2004, tí wọ́n fi tọpa ọkùnrin tó lé ní 47,000 ní Amẹ́ríkà fún ọdún 12, ẹran àti ẹja mú gáọ̀tù pọ̀ sí i, àwọn ewébẹ̀ tó ní púríìnì kò mú un pọ̀, mílíìkì sì mú un dínkù.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ bá dókítà, àgbo pẹ̀lú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ lemọ́lemọ́, aspirin kékeré tí wọ́n ń lò nítorí ọkàn, àti pyrazinamide tó wà lára oògùn ikọ́ ife, gbogbo wọn lè gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé pípààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn á ṣe ju ìgbá àgbo mẹ́wàá lọ.

Bí ara yín bá dá, tí nọ́ńbà yín kàn ga díẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ dán ewé kan tó jẹ́ oúnjẹ wò, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yí nǹkan mìíràn padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá padà sí láàbù kan náà. Nọ́ńbà máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi dájọ́. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ ti mọ iye tó wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ wá ewé kan tó kù.